Téèpù Màmá Àgbà Dé Kíláàsì Sípáníìṣì

Ilé tí Màmá Àgbà bá wà kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan lèèyàn ń gbọ́ nílé aránṣọ kan tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fà á.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń pè ní Aláròyé nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń fi èdè Sípáníìṣì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láàárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á fi èdè tí gbogbo ilé ìwé ń sọ kọ́ wọn ní ìyókù.

Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ti wọlé ni aránṣọ máa ń ní, “Aláròyé, sọ Sípáníìṣì fún wọn kí wọ́n gbọ́.” Ọmọ á kàn máa wolẹ̀ ni.

“Èdè ti pọ̀ jù lórí ọmọ yìí,” aránṣọ sọ fún ìyá rẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Yorùbá sí i mọ́.”

“Ṣé kí n wá máa fọwọ́ júwe fún ọmọ-ọmọ mi ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Nítorí ìwé rẹ̀ ni.”

Màmá Àgbà panu mọ́. Aláròyé náà panu mọ́. Sípáníìṣì ò kúkú jáde. Nígbà tó sú aránṣọ, ó gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì náà, ó kọ ọ́ tán, ó ku kó fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i, àyè ọmọ náà ti lọ nìyẹn.

Ó gbé e lọ bá tíṣà.

“Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Mo wá yọ ọmọ mi ni.”

“Ẹ káàárọ̀, Màmá Aláròyé. Ẹ kọ́kọ́ wá yọjú síbí ná.”

Wọ́n jọ wo inú kíláàsì láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń fi téèpù wọn tábìlì. Ọmọ kan ń fa téèpù tirẹ̀ tagbáratagbára. Aláròyé dì í lọ́wọ́ mú, ó dẹ téèpù náà, ó fi ìka tẹ irin tó wà létí rẹ̀ mọ́ igun tábìlì. Sípáníìṣì sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Aránṣọ la ẹnu sílẹ̀. “Kí ló wí?”

“Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun má fà á jù, pé téèpù tí wọ́n bá fà jù, irọ́ ló ń pa.” Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o.”

Omi bọ́ lójú aránṣọ. Ọ̀rọ̀ tí Màmá Àgbà fi kọ́ òun náà níṣẹ́ nìyẹn.

“Ohun tó bá ti yé e ní Yorùbá,” ni tíṣà wí, “bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìkan ló kù kó kọ́. Kànga tó ti ń pọnmi lẹ ń dé yẹn. Ọmọ kì í sì í ṣe rédíò tí wọ́n ń tàn fún àlejò.”

“Ìwé kíkà rẹ̀ ńkọ́? Kò ní rẹ̀yìn?”

“Ó lè falẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ń kọ yín lóminú, ẹ wá bá mi, ká jọ wò ó.”

Aránṣọ ya fọ́ọ̀mù náà sí méjì. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tó délé, orí ìkúnlẹ̀ ló ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ máa sọ̀rọ̀ yín lọ.”

“Ó tì o. Ẹnu mi ti gba ìsinmi,” ni Màmá Àgbà wí, ẹ̀rín sì pa á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá Àgbà àti Aláròyé ò jẹ́ kí aránṣọ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nírú kíláàsì yìí, ẹ má fi èdè ilé du ọmọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ bá a kàwé ní èdè tó bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kó bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ má fipá mú un sọ èdè tuntun fún àlejò. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan, ẹ lọ rí tíṣà. Ẹ sì jẹ́ kí àgbà ilé máa sọ̀rọ̀, torí ẹ ò mọ èyí tí ọmọ máa gbé dé kíláàsì.