Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí tíṣà sáyẹ́ǹsì dá ìwé ìdánwò wa padà, òdo ni mo bá lójú ìwé tèmi. Mo yí ìwé náà sẹ́yìn, mo tún yí i síwájú. Òdo náà kò kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ ni pé báwo ni òkúta abẹ́ ilẹ̀ ṣe di ìpele-ìpele. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ: Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, tíṣà fi gègé pupa kọ ọ́ pé: "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo?"

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó yọjú wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bíbélì Kékeré ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, nítorí mo lè ka orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì láìwo ìwé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ mí di Bíbélì Olódo.

Tíṣà ṣàlàyé pé omi ló ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá, tí ìkan ń jókòó lé èkejì lórí fún ọdún gbọọrọ, títí yóò fi le. Ẹnì kan bi í pé ọjọ́ mẹ́fà inú Bíbélì wá ńkọ́. Ó ní àwa onígbàgbọ́ kì í ka orí náà bákan náà. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ bíi tiwa ni, pẹ̀lú àṣálẹ́ àti òwúrọ̀. Àwọn mìíràn ní ìgbà gígùn ni, torí pé ọjọ́ kẹrin ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìtàn náà. Àwọn kan sì ní ẹni tó dá ayé àti ìdí tó fi dá a ni orí náà ń sọ, kì í ṣe iye ọdún. Ó ní òun wà lára àwọn tó kẹ́yìn yìí, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kan náà ni gbogbo wọn ń kúnlẹ̀ fún. Ó fi ẹ̀rín kún un pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Tíṣà yìí kan náà ló ń kọ́ wa ní kíláàsì Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú yàrá ṣọ́ọ̀ṣì sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún ń gbé. Nígbà tí a jáde ilé-ìwé, mo gba ṣọ́ọ̀bù alàgbà wa àgbà lọ, ẹni tó ń ránṣọ. Mo sọ fún un pé tíṣà ní irọ́ ni orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Mo lè yí i padà níbẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo rò pé wọn yóò kàn bá a wí ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè mí sí yàrá àwọn alàgbà. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì, tí wọ́n ti tẹ̀ tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí tíṣà má kọ́ni mọ́ ní kíláàsì Bíbélì, kí ó sì kó kúrò nínú yàrá ṣọ́ọ̀ṣì kí oṣù tó parí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Tíṣà, tí wọ́n ti pè síbẹ̀ ṣáájú mi, ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò wo apá ibi tí mo wà. Alàgbà aránṣọ dá a lóhùn pé ọmọ yìí kò purọ́ rí.

Bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òkúta gígé, wà lára àwọn alàgbà. Ó ṣàdédé dìde. "Bí Tíṣà bá máa lọ nítorí ọ̀rọ̀ òkúta, èmi náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ẹ bá mi jáde."

Ó mú dígà, ọ̀pá irin tó fi ń hú òkúta, ó sì tì í bọ abẹ́ òkúta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ síbẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọkùnrin mẹ́rin bá a yí i dà.

Ẹja ni. Odindi ẹja, nínú òkúta, eegun rẹ̀ tò bí eyín ìyarun, ìkarahun yí i ká. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí kò tíì relé, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo rí i nínú kòtò tó jìn ju gíga ilé yìí lọ," ni bàbá mi wí. "Kò sódò nítòsí. Irú rẹ̀ tí mo ti rí pọ̀, gbogbo wọn ni mo sì dojú wọn bolẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìgbàgbọ́ yín má yẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń bá Ọlọ́run fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́." Ó kọjú sí tíṣà. "Báwo ló ṣe débẹ̀?"

Tíṣà kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ eegun ẹja náà. "Ọlọ́run ló dá a, sà. Bó ṣe débẹ̀ ni kí a jọ máa wá."

Alàgbà aránṣọ ní òun ṣì gbà pé ọjọ́ mẹ́fà ni. Tíṣà dá a lóhùn pé àwọn lè jọ máa ka Bíbélì kan náà bẹ́ẹ̀.

Mo bọ́ sáàárín wọn. Mo ní, "Tíṣà ò sọ pé irọ́ ni. Èmi ni mo purọ́."

Ojú tí bàbá mi fi wò mí, kò sẹ́ni tó fi wo ẹja náà. Ó ní, "Èmi dojú òkúta bolẹ̀, ìwọ dojú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bolẹ̀. Irọ́ kan náà ni."

Wọ́n ya lẹ́tà náà. Wọn kò jẹ́ kí n ka Bíbélì níwájú ìjọ fún odindi ọdún kan, èmi ni mo sì ń fọ òkúta náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ojú rẹ̀ wà lókè báyìí. Ìyàwó tíṣà bímọ nínú yàrá náà, ó sì máa ń gbé ọmọ wá wo ẹja.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lè ka orí náà bí ẹ ṣe gbà á gbọ́, kí ẹ sì fi sùúrù gbọ́ ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe purọ́ láti gbèjà Ọlọ́run. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.