Ohùn Tó Fi Bíńtín Ga

"Tó o bá ti wọ̀n wọ́n tán, má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ o," Noelene sọ, ó sì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn ohùn lé Marlee lọ́wọ́. "Bí ohùn ọ̀kan bá fi bíńtín ga ju ìyókù lọ, òun ni gbogbo wa máa pè ní dáadáa. Ọ̀dàlẹ̀ ni etí ọmọ aráyé."

Marlee Trewin mirí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ti mọ òfin yẹn láti kékeré. Lọ́dọ̀ wa nílùú Burnie, lọ́dọọdún nígbà òtútù, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to ampilifáyà hẹ́dífóònù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè fún ẹni tó fi hẹ́dífóònù sétí, máa ń kóra jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ tó kọjú sókun. Ẹ má fojú yẹpẹrẹ wò wọ́n o. Ẹnìkan lè fi ọdún kan gbáko jó lẹ́ẹ̀dì sínú àpótí kékeré kan, kó máa yọ èyí, kó máa ki tọ̀hún bọ̀ ọ́, torí kí orin ṣáà lè dún geere létí. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n á fi aṣọ bo àwọn àpótí náà, wọ́n á lẹ lẹ́tà bí A tàbí B mọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni èwo. Ẹni tó bá ń mú ohùn wọn dọ́gba nìkan ló ń rí abẹ́ aṣọ. Lọ́dún yìí, Noelene, alága wọn, ní Marlee ni kó ṣe é, torí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Clem," Bevan, ọ̀kan lára àwọn tó ń díje, pariwo láti ìdí tábìlì tíì, ó ń jẹ kéèkì, "ṣé etí yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, àbí ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa?"

"Ó ṣì ṣí láàárọ̀ yìí," Clem dáhùn. "Tètè wá rajà kó tó di ìrọ̀lẹ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Marlee. Clem ni bàbá bàbá rẹ̀, òun ló tọ́ ọ, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì. Dókítà ti sọ pé etí Clem ń lọ, kò sì sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe sí i. Nínú mọ́tò láàárọ̀ yẹn, Clem sọ fún Marlee pé, "Èyí ni màá tò kẹ́yìn. Etí mi ò lè dá a mọ̀ mọ́ bóyá ó dáa. Àwọn èèyàn yìí ló máa bá mi gbọ́ ọ."

Marlee wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ti bàbá àgbà. Mítà ní ó ti bá ìyókù dọ́gba. Ó yẹ kó ṣí ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bevan ṣì ń ta á lára. Ó wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó yí bọ́tìnì ohùn náà sókè díẹ̀ báyìí, ó sì da aṣọ bò ó. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ló burú ńbẹ̀, àbí kì í ṣe pé kí bàbá arúgbó ṣáà dunnú?

Wọ́n mu tíì, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Orin kan náà ni, láti inú àpótí kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí Bevan dé orí ọ̀kan nínú wọn, ó di ojú, ó sì gbé orí sókè.

"Ẹni tó to èyí mọṣẹ́," ó ní. "Ó gbà bẹ́ẹ̀."

Ohun tí gbogbo wọn sọ nìyẹn. Wọ́n ṣí aṣọ, ti Clem ni. Bàbá àgbà dìde, omi ti lé sí i lójú. "Ṣé ó dáa lóòótọ́?" ó ń bi wọ́n léraléra. "Ṣé ó dáa?"

Àṣà wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún àpótí tó bá borí wọ̀n lójú gbogbo èèyàn. Noelene ki mítà bọ̀ ọ́. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ó ga ju bó ṣe yẹ lọ," ó sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Mo rí Clem nídìí tábìlì tí àwọn àpótí wà nígbà tí a ń mu tíì," ni Bevan wí. "Òun nìkan ló dúró síbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìdí tí Clem fi ń dá dúró ni pé bí ariwo bá ti pọ̀, kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ojú ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"Mi ò fọwọ́ kàn án," Clem ní.

"Ta ló wá fọwọ́ kàn án? Ṣé Marlee lo fẹ́ tì í sí lọ́rùn ni?" Bevan bi í.

Clem yíjú wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Marlee la ẹnu, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Bàbá àgbà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀, ó jáde.

Ìgbà yẹn ni ahọ́n Marlee tó tú. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo yí i, kí a tó mu tíì rárá."

Noelene fà á mọ́ra. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. A mọ̀ pé o fẹ́ràn bàbá ẹ."

"Àǹtí Noelene, mò ń sọ òótọ́."

"Fi í sílẹ̀, Noelene," Bevan dá sí i, àánú sì ti gba ojú rẹ̀. "Bí ọmọ tèmi náà ṣe máa gbà mí sílẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́ nígbà náà. Ẹ mú un dọ́gba, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀," Marlee bẹ̀ wọ́n.

"Gbogbo wa ti mọ èyí tó jẹ́ ti Clem báyìí," Noelene ní. "Ta ló tún lè gbọ́ ọ láì ṣojúsàájú?"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Marlee ń sunkún bó ṣe ń lọ bá Clem nínú mọ́tò. Bàbá náà jókòó, ó gbé àpótí lé itan, òjò sì ń rọ̀. Marlee jẹ́wọ́ fún un.

"Mo mọ̀," Clem ní. "Ìwọ nìkan lo dé abẹ́ aṣọ."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá àgbà."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣé ó dáa?"

"Kí ni?"

"Ampilifáyà yìí. Etí ẹ mú. Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa," Marlee ní. "Bàbá àgbà, ó dáa gan-an ni."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó rí i lójú bàbá náà pé ó ń wù ú láti gbà á gbọ́, kò sì ṣeé ṣe fún un.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Clem ní, ó sì ṣíná mọ́tò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ràn ẹnìkan, ẹ má ṣe ojoro fún un. Àpọ́nlé tí ojoro bá mú wá kì í tọ́jọ́, ó sì lè gba òtítọ́ kan ṣoṣo tí onítọ̀hún ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá tún jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó jẹ́wọ́, ẹ lè sọ òótọ́ títí ohùn yín á fi há, kí ẹni tí ẹ ń sọ ọ́ fún má lè fi ṣe nǹkan kan.