Ẹnu Símẹ́ǹtì Mo-ti-mọ̀

Ẹ gbà mí gbọ́ o, ẹ má gbà mí gbọ́ o, ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ parọ́, mi ò ní fi ọkọ ẹ̀gbọ́n mi parọ́. Ọkùnrin náà ò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Ìdérí eyín ni iṣẹ́ mi. Bí eyín bá fọ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì lágbára, a máa ń ṣe ìdérí lé e lórí, kó lè padà di eyín. Dókítà eyín á gé ìyókù rẹ̀ kéré, á ní kí ẹni náà deyín mọ́ nǹkan rírọ̀ kan, kí ojú gbogbo eyín rẹ̀ lè hàn lára rẹ̀. Èmi tí mo wà ní yàrá ẹ̀yìn ni mo máa ń po símẹ́ǹtì funfun, tí mo ń dà á sí ojú eyín náà. Bó bá gan, ó di ẹnu. Ẹnu ẹni náà gan-an, tòkè tilẹ̀. Mo máa ń so ó mọ́ irin kan tó ń ṣí tó ń pa dé bí àgbọ̀n èèyàn. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe ìdérí. Bí ọwọ́ mi ò bá sí lára rẹ̀, mo máa ń fi rọ́bà dè é pa, kó má baà máa ṣí kiri. Bí ẹni tó ni ín bá sì ti gba eyín rẹ̀ lọ, mo fi òòlù fọ́ ọ. Bí gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Àyè wo la fẹ́ rí tí a ó fi máa kó ẹnu ẹlẹ́nu pamọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá ni mò ń pè é. Nínú mi, Mo-ti-mọ̀ ni. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní gbà á lẹ́nu yín kó tó balẹ̀. Ẹ ní òjò ń bọ̀. "Mo ti mọ̀." Ẹ ní ilé ń jó. "Mo ti mọ̀." Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e sínú pósí, á sọ fún àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ pé òun ti mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ṣe ìyàwó. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tábìlì kan, ẹ̀rọ ìránṣọ, dígí gígùn lára ògiri. Kó tó fẹ́ ọkùnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Á máa kọrin sórí aṣọ, á máa bá ẹ̀rọ wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Nígbà tó yá, ó di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó tún yá, ó di ẹni tí ń mi orí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń parí rẹ̀ fún un, ó sì ń parí rẹ̀ sódì. Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló kù fún un. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí afẹ́fẹ́ mí.

Ìyẹn náà ni Mo-ti-mọ̀ fẹ́ gbà. Ó ní ìyàwó òun ò ní máa wọn ìdí ọkùnrin ọlọ́kùnrin kiri mọ́. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin bá dé lọ́jọ́ Àìkú, òun máa kéde rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí pé ṣọ́ọ̀bù ti di títì, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Bí eyín rẹ̀ ṣe fọ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ohun tó máa fi ṣí ìgò. Mo-ti-mọ̀ ní, "Gbé e wá jàre. Ẹ̀yin obìnrin ò mọ nǹkan kan." Ó ki ìgò bọ ẹnu. Ìgò ò ṣí. Eyín ló ṣí. Kó tó dalẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Àwọn àgbà ló ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nítorí pé ẹbí ni, ọ̀dọ̀ wa ló gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wá.

Wúrà ló ní òun fẹ́. Ó fẹ́ kí ayé máa rí i bí òun bá ń sọ̀rọ̀. Mo ṣe é fún un. Mo ṣe é dáadáa, nítorí èmi kì í ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ tìtorí ẹni tí mi ò ka sí. Mo fi ìlà tín-ín-rín kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe ń fi sí gbogbo ìdérí tí mo bá ṣe. Ìlà yẹn ni mo fi ń dá iṣẹ́ mi mọ̀.

Ọjọ́ tó wá gbà á, ó yọjú sí yàrá ẹ̀yìn.

"Ìyàwó kékeré," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "ṣé o ò ba eyín mi jẹ́ ṣá? Kì í ṣe aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń bà jẹ́ o."

"Ẹ lọ jókòó, Bọ̀dá. Dókítà ń dúró—"

"Mo ti mọ̀."

Dókítà gbé ìdérí náà wò lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e padà wá bá mi. "Ó ga díẹ̀," ló wí. Mo fi í sórí ẹnu símẹ́ǹtì kí n lè rí ibi tó ti ga. Mo mú ọ̀bẹ kékeré. Ọ̀bẹ yọ̀. Ó họ eyín símẹ́ǹtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní yàrá iwájú, Mo-ti-mọ̀ figbe ta.

Mo dúró. Mo gbọ́ ohùn dókítà. "Ọ̀gá, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín o."

Ojo ni, mo wí nínú mi. Alágbára tí ń fi eyín ṣígò. Mo tún họ ọ́. Jẹ́jẹ́ báyìí. Ó tún figbe ta.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ. Gbogbo yàrá dákẹ́. Omi ń kán níbi ìfọwọ́. Mo fọwọ́ kan ẹnu símẹ́ǹtì náà. Símẹ́ǹtì máa ń gbóná nígbà tó bá ń gan lọ́wọ́, bó bá sì gan tán, á tutù. Èyí ti gan tán ó ti pẹ́. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dín ìdérí náà kù, dókítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, Mo-ti-mọ̀ sì ń fi eyín wúrà halẹ̀ lọ sílé. Mo mú òòlù. Mo gbé e sókè. Ọwọ́ mi ò wá sílẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, àmọ́ èmi kì í ṣe apààyàn. Mo gbé ẹnu náà sórí pẹpẹ, lẹ́yìn àwọn ike. Mi ò tilẹ̀ rántí rọ́bà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni. Iṣẹ́ dá. Mo pa ẹ̀rọ, mo fẹ́ nu ọwọ́. Mo gbọ́ ọ.

Kọ́. Kọ́. Kọ́kọ́kọ́. Kọ́.

Mo rò pé eku ni. Mo kó àwọn ike kúrò. Ẹnu símẹ́ǹtì ń ṣí. Ó ń pa dé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ó ń jẹun, àmọ́ mo mọ bí ẹnu tó ń jẹun ṣe ń lọ, iṣẹ́ mi ni. Ẹnu yìí ò jẹun. Ó ń sọ̀rọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

"Kí ni Bọ̀dá ń ṣe?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ohùn náà bá ròkè, símẹ́ǹtì á la gbàgà. Bó bá dákẹ́ kó lè mí, símẹ́ǹtì á dákẹ́. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, fóònù létí mi, ẹnu ọkùnrin náà níwájú mi. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan láti ara símẹ́ǹtì. Eyín nìkan ni. Kí n sọ òótọ́, ó sàn bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn máa gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi wá. Ojú rẹ̀ ti wú. Àìkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Kí lo ní o fẹ́ fi hàn mí?"

Mo kó àwọn ike kúrò. Ó wo ẹnu símẹ́ǹtì náà bó ṣe ń lọ. Kọ́kọ́. Kọ́. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Ẹnu nìkan ni mo ṣe. Bó ṣe ń ṣí, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ó jọ ọ́ gan-an."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká—"

Rọ́bà máa ń wà lórí ìṣó lára ògiri. Ó na ọwọ́, ó mú ọ̀kan. Ó we é mọ́ ẹnu náà. Ó tún we é. Kò kánjú. Bó ṣe ń di aṣọ fún oníbàárà gẹ́lẹ́ ló ṣe dì í. Símẹ́ǹtì tiraka lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́.

Ó kó o sínú báàgì rẹ̀, sáàárín sísọ́ọ̀sì àti òwú.

"O ṣeun, àbúrò mi," ló wí. Kò rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo Mo-ti-mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí àga ńlá. Àwọn ẹbí jókòó, èmi náà jókòó. Ta ni ì bá pàdánù irú ẹ̀? Ó dìde. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó gbé ìka sókè bó ṣe máa ń gbé e. Gbogbo ilé dákẹ́ fún un.

Ẹnu ò ṣí.

"M̀ḿ," ló ń wí. "M̀ḿ. M̀ḿ."

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n ara rẹ̀ mú, ó ń fà á bí ẹni tí ń fa dúrọ́ọ̀ tábìlì tó há. Mo wò ó. Inú mi dùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, inú mi dùn gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dìde. "Ohun tí ọkọ mi fẹ́ sọ ni pé inú òun dùn sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n máa bá a lọ, kí n tilẹ̀ gba èyí tó tóbi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo-ti-mọ̀ ń mi orí, rárá, rárá. Wọ́n ní ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Dókítà eyín wò ó. Ilé ìwòsàn ńlá wò ó. Wọ́n tẹ àgbọ̀n rẹ̀ lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ̀, wọ́n ní kò sí egungun tó yẹ̀, wọ́n ò rí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnu ò ṣí. Àlàfo eyín ló ń gbà fi ike tín-ín-rín fa omi ọbẹ̀ mu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò. Lọ́jọ́ kan ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti rù. Mo fojú kéré rẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ó ti tó.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ̀rọ ń dún, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé fún oníbàárà kan irú aṣọ tó yẹ kó wọ̀. Oníbàárà fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí àyè. Ó san tirẹ̀, ó lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú rọ́bà yẹn."

"Mo ti tú u."

Ó fa dúrọ́ọ̀. Ẹnu símẹ́ǹtì wà láàárín òwú. Kò sí rọ́bà lára rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àìkú yẹn ni mo ti tú u," ló wí.

Mo mú un. Mo ṣí i. Ó ṣí. Mo pa á dé. Ó pa dé. Irin ò há, símẹ́ǹtì ò sán. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ síbẹ̀.

"Nígbà náà, kí ló dé tí Bọ̀dá ò—"

"Mo ti mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Ọwọ́ mi ló ti dún. Mo wo ẹnu símẹ́ǹtì. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ohun tí o fẹ́ sọ ni pé ẹ̀rù ń bà ọ́," ló wí. "Kò yẹ kó bà ọ́." Gbogbo ohun tó ń wí, símẹ́ǹtì ń bá a wí i lọ́wọ́ mi, kò ṣíwájú, kò sì kẹ́yìn.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, níbi tí ọmọ ìyá mi ti ní eyín funfun láti kékeré, wúrà tàn. Mo sún mọ́ ọn. Ìlà mi wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jókòó sórí àga dókítà eyín rí láyé rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó wà lẹ́nu Mo-ti-mọ̀ báyìí. Ẹnu náà ò ṣí. Kò sẹ́ni tó lè wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí lójoojúmọ́. Ó ní iṣẹ́ eyín kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, kí n wá jókòó ti òun, kí n máa ran bọ́tìnnì. Ó ní bí ẹbí bá tún pé lọ́jọ́ Àìkú, òun máa kéde rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé mi ò fẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo ń kà á fún ara mi ní yàrá ẹ̀yìn. Àmọ́ bí mo bá ti la ẹnu, ó ti bá mi parí rẹ̀.

Òòlù mi wà lórí tábìlì. Mo mọ dúrọ́ọ̀ tí ẹnu símẹ́ǹtì náà wà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé, bí mo bá fọ́ ọ, ta ni yóò figbe ta.