Orí Ta Ni Ẹ̀rọ Yà?

Ayàwòrán-inú-ara kì í fi í pa mọ́: láti ọdún méjìdínlógún tóun ti wà nídìí ẹ̀rọ, òun ò fi òsì pe ọ̀tún rí. "Ẹni tó bá ká a mọ́ mi lọ́wọ́," á ní láì rẹ́rìn-ín, "kó máa pè mí ní àbúrò."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń jí ará ìlú lórí rédíò. Apá ọ̀tún ojú rẹ̀ ti rọ jọwọlọ, etí ọ̀tún sì ń hó bí ìkòkò. Ó ní ìdajì ẹnu òun ló lọ ìsinmi, kò sì gbàṣẹ. Ayàwòrán tẹ́ ẹ sínú ihò ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà.

Àwòrán jáde. Kókó kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ lẹ̀ mọ́ iṣan ojú, nítòsí etí inú. Ṣùgbọ́n apá òsì ló wà. Ayàwòrán wo obìnrin náà, ó tún wo àwòrán. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó yí àmì òsì sí ọ̀tún, ó lọ mu tíì rẹ̀. Dókítà rí i, ó fi iṣẹ́ abẹ etí ọ̀tún sí Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mọ́, omi tí ayàwòrán fi ń fọnu ń dà jáde ní igun òsì ẹnu rẹ̀. Ó súfèé, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya orí rẹ̀ kíá. Kókó kan, bí hóró ìrẹsì, lápá òsì. Lábẹ́ rẹ̀ ni àlàfo eyín tí bọ́ọ̀lù yọ fún un nígbà tó wà nílé ìwé. Ó ṣí àwòrán ọjọ́ Ajé. Àlàfo eyín náà wà níbẹ̀.

Wọ́n ti ń ti ibùsùn obìnrin náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí ayàwòrán bá dákẹ́, wọ́n á la etí onítọ̀hún lásán, bóyá kó má sì gbọ́ràn mọ́. Ó sáré bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí dé orí àlàfo eyín, itọ́ ń já bọ́.

Wọ́n tún orí obìnrin náà yà. Iṣan tó wú ni, kò sí kókó. Oògùn ló máa kápá rẹ̀. Obìnrin náà fi ìdajì ẹnu tó ṣẹ́ kù rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "tó bá jẹ́ orí yín ló wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé, ibo ni tèmi lọ?"

Ayàwòrán bọ́ bàtà, ó sì rọra gun ibùsùn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti tẹ́ de obìnrin náà.