Ìlà Keje Nínú Fáìlì Ibùsùn Kọkànlá

Ọjọ́ tí ọmọ ọmọ mi obìnrin kọ́kọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn láti ṣiṣẹ́, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníjígí ló dìde fún un ní àga. Abẹ́rẹ́ là ń pe ọmọ náà nílé, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́; orúkọ yìí ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Abẹ́rẹ́? Láti kékeré ni mo ti ń sá fún yín."

"Ẹ má sá mọ́. Mi ò ní gún yín."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe yé mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ilé ìwòsàn náà ní ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wo ibùsùn tó ṣófo. Oníjígí ló sọ ibùsùn kọ̀ọ̀kan di fáìlì ọ̀rọ̀ lásán: nọ́ńbà rẹ̀, yàrá rẹ̀, bóyá èèyàn wà lórí rẹ̀. O ṣí i, o yí ọ̀rọ̀ padà, o fi pamọ́, ojú ìwé náà á yí padà. Ìlà tí o bá fi àmì sí níwájú, ẹ̀rọ ò ní kà á. Èèyàn nìkan ló ń kà á.

"Tún un ṣí kí o tó fi pamọ́ o," Oníjígí kì í yé sọ fún un. "Ẹni tó fi pamọ́ kẹ́yìn ló ń pa ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ́."

Bàbá rẹ̀, ọmọ tèmi, kò fẹ́ kó fẹ́ ọkùnrin náà. "Kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ẹ̀gbọ́n. Bí wàhálà bá dé, ta la fẹ́ pè?" Mo gbè é lẹ́yìn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó bẹ ọ̀gá wọn, wọ́n gbé Oníjígí lọ sí ẹ̀ka kejì ilé ìwòsàn náà.

Ni wọ́n bá ń fi ìlà alámì tí ẹ̀rọ kì í kà kọ̀wé síra wọn nínú fáìlì ibùsùn kọkànlá, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, bàbá rẹ̀ ní kí n lọ mú un wálé. Mo bá a tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì ibùsùn kọkànlá náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣí ná."

"Pa á dé. Bàbá rẹ ń dúró."

Ó fi pamọ́, a lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Oníjígí kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n gbé ibùsùn tó kán náà dà nù, wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Ó ṣí wọn wò. Ó tẹ ọ̀kan sórí bébà, ó gbé e wá, ó ka ìlà keje rẹ̀ fún mi, èyí tí Oníjígí kọ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn.

"Abẹ́rẹ́ mi, mo ti ríṣẹ́ níbòmíràn. Ṣé o máa bá mi lọ? Kọ ọ́ sí abẹ́ ibí. Bí o kò bá fẹ́, pa ìlà yìí rẹ́. Mi ò ní bínú."

Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́ nígbà tó fi tirẹ̀ pamọ́, kò sì mọ̀. Èmi ni mo ní kó má tún un ṣí.

"Pè é," mo ní.

"Ó ti gbéyàwó, Màmá. Wọ́n ti bímọ. Kí n wá pè é sọ kí ni?" Ó bu omi fún mi. "Ẹ mu omi."

Kò bá mi wíjọ́ rí. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Orúkọ mi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà keje yìí, mo ti kọ́ ọ kà. Láràárọ̀ ni mo ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí bébà náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, títí mo fi ń dé abẹ́ rẹ̀, níbi tó ní kó kọ èsì sí. Ibẹ̀ funfun báláú.