Ẹyẹ Alápá Kan

Ọmọ ìyàwó kékeré mu ọmú sùn lọ́sàn-án, kò jí mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́. Káfíńtà, baba rẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí náà. Òòlù rẹ̀ ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù bí ìgbà tí ènìyàn ń kanlẹ̀kùn, tí kò sẹ́ni tó dáhùn.

Omijé ilé náà kò tíì gbẹ tí ìyáálé fi ró ańkárá tuntun. Ẹyẹ ńlá kan wà létí aṣọ náà. Apá kan ṣoṣo ló ní.

"Ìyàwó, ṣé o fọ́jú ni?" Gbọ́yìísọ̀yí, aládùúgbò wọn, sọ ọ́ sí i létí nídìí kànga. "Ó ti kán ọ lápá, ó sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀! Ta ní í fi ẹyẹ yangàn, bí kò ṣe ẹni tó ń di ẹyẹ?"

Nírọ̀lẹ́, ẹyẹ kan bà sórí páànù, ó ké. Ìyàwó kékeré yọjú wo yàrá ìyáálé. Ó bá a níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí aṣọ, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àjẹ́! Aṣọ àjẹ́ lẹ ró sára! Ẹ dá ọmọ mi padà!"

"Ìyàwó mi, ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ má pè mí níyàwó yín! Kí lẹ fi pamọ́ síbẹ̀?"

Káfíńtà sáré wọlé tòun ti òòlù lọ́wọ́, ó dojú kọ ìyáálé.

"Bílẹ̀ bá ti mọ́, kó ẹrù ẹ. Mi ò lè gbé iná sórí òrùlé kí n sùn."

Ìyá aláṣọ tó ń gbé ẹrù rẹ̀ kọjá gbọ́ ariwo, ó yà.

"Aṣọ tèmi lẹ sọ di aṣọ àjẹ́? Ta ló bèèrè orúkọ ẹ̀ nínú yín? 'Ẹyẹ ò lè fapá kan fò' la ń pè é! Lóṣù tí ìyàwó yìí bímọ ni ìyáálé rẹ̀ rà á. Àárín ẹyẹ gan-an ló ní kí n ti gé e sí méjì. Ẹ ṣí àpótí yẹn!"

Ìyàwó kékeré ṣí i. Ìdajì kejì wà níbẹ̀, apá kejì sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀wù ọmọdé kan, tí wọ́n fi àjákù aṣọ náà rán, wà lórí rẹ̀.

"Ẹ̀wù yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyáálé wí. "Mi ò mọ ẹnu tí mo lè fi gbé ìdajì tìẹ fún ọ mọ́. Mo rò pé tó o bá rí tèmi lára mi, wàá bèèrè ìkejì ẹ̀."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà.

Láàárọ̀, ìyáálé àti ìyàwó kékeré jọ ró ańkárá náà lọ pọnmi. Wọ́n ń rìn ní ìhà ara wọn, apá ẹyẹ kan apá ẹyẹ.

Gbọ́yìísọ̀yí sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo gbé! Ó ti fà á wẹgbẹ́!"