Àpótí Tí Kò Gbọ́ Ọwọ́ Jẹ́jẹ́

Nínú ṣọ́ọ̀bù alátùnṣe, ọ̀rẹ́ mi tẹ bọ́tìnnì kan lára àpótí ohùn ìlù tuntun kan, iná búlúù sì sáré yí ojú rẹ̀ ká.

"Wò ó bó ṣe ń ṣẹ́jú sí ẹ," ó ní. "Ìwọ náà ṣẹ́jú padà."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì wa kan tí a ń pè ní Onígítà, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń kó lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ Àìkú. Oṣù mẹ́ta ni àwa méjèèjì ti wà lórí orin kan: òun ta gítà, èmi lu ìlù. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ gbà á sílẹ̀ kó lè mú un lọ. Àfi bí àpótí ohùn ìlù mi ṣe kú láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìlù oníná ni mò ń lù, torí iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá mi ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Bí mo bá lu páàdì rọ́bà rẹ̀, wáyà ló ń gbé e lọ sínú àpótí, àpótí ni yóò sọ ọ́ di ohùn ìlù sínú íáfóònù tí mo kì sétí. Bí kò bá sí àpótí, rọ́bà lásán ni mò ń nà.

Bàbá alátùnṣe tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé àpótí mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti tuntun. Bọ́tìnnì èyí ti ṣá, ogún ohùn péré ló sì wà nínú rẹ̀. Irinwó ló wà nínú tuntun. Iye owó kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì, owó irun tí mo ń bá àwọn èèyàn dì sì ká a.

"Bàbá, ṣé agolo bisikíìtì kọ́ lẹ fi ṣe èyí?" ọ̀rẹ́ mi bèèrè.

Bàbá kò bínú. "Àpótí dà bí ọkọ, ọmọ mi. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù kọ́ là ń fẹ́, ẹni tó ń gbọ́ tẹni ni." Ó kọjú sí mi. "Lọ gbé páàdì tìrẹ wá. Lù ú jẹ́jẹ́ bí o ṣe ń lù ú nílé, kí o fi dán méjèèjì wò."

"Ilé jìnnà, Bàbá."

Ilé kò jìnnà. Ojú Onígítà ni mo ti ń rí nínú iná búlúù yẹn. Tuntun ni mo gbé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Onígítà dé ilé wa nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó mú kí n gbàgbé ìkíni. Ìyá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí pálọ̀ kí ojú rẹ̀ lè tó wa. A pín íáfóònù: etí kan fún un, etí kan fún mi. Ó ta gítà. Mo jẹ́ kí ọ̀pá ìlù rìn lórí páàdì bí òjò tó fẹ́ dá, níbi tí orin wa ti dùn jù.

"O ò tíì bẹ̀rẹ̀?" ó bèèrè.

"Mo ti ń lù ú tipẹ́."

Mo fi agbára kún un díẹ̀, àpótí sì kígbe bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, á kígbe. Kò mọ àárín. A tú irinwó ohùn náà wò. A rí ti ajá, a rí ti gíláàsì tó fọ́, a fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi tán. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ pè é: ẹrù kò tíì dì tán.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé yóò sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí látọjọ́ yìí.

"Ọwọ́ jẹ́jẹ́ rẹ yẹn ni mo fẹ́ mú lọ," ó ní. Ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kó àpótí àti páàdì mi tọ Bàbá alátùnṣe lọ. Ó dán an wò, ó mi orí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O kánjú." Ó gba tuntun padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ra èyí tó ṣá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró de irú rẹ̀. Onígítà ti fi ohùn gítà nìkan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Níbi tó yẹ kí ìlù wọlé, gítà á dákẹ́, á dúró dè mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tí mò ń na rọ́bà.

Nígbà tí òmíràn dé, páàdì mi wà lápá mi. Mo kọ́kọ́ lù ú bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbọ́. Mo lu orin náà tán, mo fi ránṣẹ́. Mo rí i pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èsì kò tíì wá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi ojú ẹlòmíràn ra ohun tí ọwọ́ tiyín máa lò, bí àgbà bá sì ní kẹ́ ẹ dán nǹkan wò, ẹ má pe ọ̀nà kúkúrú ní jíjìn. Mo ti rí àpótí tó gbọ́ mi rà. Sátidé yẹn ni kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan.